Ẹ̀jẹ̀ Orí Ìka, Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgò

Pàkátà, Ìlọrin
10 Oṣù Kejì, 2026

Kamilah ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùmù. Ṣé àlááfíà lo wà ní Leeds níbẹ̀? Òtútù ńkọ́? Iṣẹ́ ọsibítù ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi? Gbogbo wa wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ẹ̀gbọ́n rẹ Ummu Kulthum wá láti ilé ẹ̀ ní Basin lánàá, ó ní kí n kí ọ. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n kò kàn pè ọ́. Etí mi kò gba fóònù mọ́, ìwọ náà kì í sì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́tà ni mo mọ̀ ọ́n kọ, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Màá máa ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, kí o rọra kà á.

Hajia Ummu Salamah ti dé, ó sì ti gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣúgà tí o fi rán an fún mi. Ọlọ́hun á san ọ́ lẹ́san rere. Mo tẹ̀lé gbogbo àlàyé tí o kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí Bàbá rẹ tó jẹun, mo gún ìka wọn, mo fi ẹ̀jẹ̀ kan páálí tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ náà, ó sì gbé 8.9 jáde, iye ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ga. Láàárọ̀ yẹn kan náà ni ará láàbù kan ní Táíwò Road wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn nílé sínú ìgò. Nígbà tí èsì dé, 4.4 ni, bíi ti ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Ó wà lórí ìwé funfun, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀rọ tìrẹ kò tóbi ju ọṣẹ ìfọwọ́ lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Bàbá rẹ ní, "Àtọ̀gbẹ ti kó ẹrù ẹ̀ lọ." Wọ́n ti ń múra àwẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn á gbà á látòkè délẹ̀. Ní tèmi, mo ti dá abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì wọn dúró láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti wálẹ̀, a kì í tún fún un ní ohun tó máa fà á wálẹ̀ sí i. Ìwé láàbù ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Fi sùúrù fèsì o.

Ìyá rẹ,
Hàlímọ̀tù


Leeds
10 Oṣù Kejì, 2026

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ìlà tó kù, ẹ dìde, ẹ lọ fún Bàbá ní abẹ́rẹ́ wọn. Iye tí dókítà kọ ni kí ẹ fún wọn, kò gbọdọ̀ dín. Ṣé ẹ ti ṣe é? Ó dáa.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò lè fi pamọ́. Ọjọ́ mẹ́rin láìsí ínsúlíìnì! Ta ló ní kí ẹ dá a dúró? Mò ń gún ìka èèyàn bí ogún lójúmọ́ ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Mo mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bá mi bi àwọn ará láàbù yẹn: aago mélòó ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Bàbá, aago mélòó ni wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ṣì wà láàyè, Màmá. Ó máa ń jẹ ṣúgà tó wà nínú ara ẹ̀, pàápàá nínú ooru. Tó bá pẹ́ nílẹ̀, ohun tí wọ́n máa rí kì í ṣe ohun tó wà lára Bàbá mọ́. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ọ̀rọ̀ àwẹ̀ kò tíì yá o.

Ọmọ yín,
Kamilah


Pàkátà, Ìlọrin
14 Oṣù Kejì, 2026

Kamilah,

Mo kí ọ. Mo mọ̀ pé o ti ń retí mi. Mo dákẹ́ kí n má baà sọ ohun tí màá kábàámọ̀. "Ta ló ní kí ẹ dá a dúró?" Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀, Kamilah? Èmi tí mò ń gbé Bàbá rẹ lọ, tí mò ń gbé wọn bọ̀? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Ká ní ò ń bá àwọn òyìnbó aláìsàn rẹ sọ̀rọ̀ báyẹn, wọn ì bá ti dá ọ padà wá bá mi.

Síbẹ̀, mo lọ sí Táíwò Road ní Ọjọ́rú. Mo jókòó síwájú Hamzah, ẹni tó máa ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ kiri ilé fún wọn. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo yọ dígí ojú mi, mo tẹjú mọ́ ọn bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, ó bá jẹ́wọ́. Aago méjọ àárọ̀ ló gba ẹ̀jẹ̀ Bàbá rẹ. Ó tún gba àdúgbò Ṣàngó lọ, ó dé ilé mẹ́fà mìíràn. Nígbà tó fi máa padà, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ti bàjẹ́. Ẹ̀yìn Alaásàrí ni iná tó dé. Gbogbo àkókò yẹn, inú kúlà tí yìnyín ẹ̀ ti yọ́ ni ẹ̀jẹ̀ wà. Ó ní ìgò kan wà tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jẹ ṣúgà, ṣùgbọ́n ó ti tán lọ́wọ́ àwọn, àwọn kàn lo èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n sì fọkàn balẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí i! Mo sọ ọ̀rọ̀ sí wọn tí wọn kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

O jàre, mo gbà. Bàbá rẹ ti padà sídìí abẹ́rẹ́. Dókítà ní kí wọ́n má gba àwẹ̀ rárá. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, Bàbá rẹ ní kò burú, àwọn á máa bọ́ tálákà dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti pé àwọn fúnra àwọn ni yóò máa pèsè ìṣínu fún gbogbo ẹni tó bá wá gbọ́ tafsir, ìtumọ̀ Kùránì, níwájú ilé. Wọ́n ní ẹni tí kò lè gbààwẹ̀ lè fi ọwọ́ ẹ̀ sin aláàwẹ̀. Ta ló máa gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn?

Ìyá rẹ


Leeds
15 Oṣù Kejì, 2026

Màmá mi,

Ẹ forí jì mí. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù yẹn ló sọ̀rọ̀, ẹ má ka ọmọ yín kún aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Ẹ̀rọ kékeré tí ẹ pè ní ọṣẹ ìfọwọ́ ló sọ òótọ́, òǹtẹ̀ ló parọ́! Láti òní lọ, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni abẹ gé. Ẹ má da ara yín láàmú lórí láàbù kankan mọ́. Ẹ máa gún ìka wọn láàárọ̀ àti lẹ́yìn Alaásàrí. Tó bá ti kọjá ogún, ẹ fi yúnìtì mẹ́jọ kún ínsúlíìnì wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá Bàbá kí ẹ má baà gbàgbé.

Ẹ ti gbà pé mo jàre, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín darí èyí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká rí oṣù àwẹ̀ lò.

Kamilah


Ọsibítù, Ìlọrin
25 Oṣù Kejì, 2026

Kamilah,

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí o lè ka èyí tó kù.

Lánàá lẹ́yìn Alaásàrí, mo gún ìka wọn. 24.8. Bàbá rẹ sì jókòó, ara wọn yá gágá, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo di nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ogbó. Ara wọn kò jọ ara ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ní kí n dúró. Mo wo ara ògiri, mo rí ohun tí o ní kí n kọ síbẹ̀: ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró. Mo fún wọn ní mẹ́jọ.

Bàbá rẹ ló ṣe ìmáámù Mọ̀gàríbì. Èmi àti Ummu Kulthum wà ní sàfù àwọn obìnrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, ohùn wọn dá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dá. Fátíhà, Kamilah! Bàbá rẹ tó fi kọ́ gbogbo àdúgbò yìí! Àwọn tó wà lẹ́yìn ń rán wọn létí, wọ́n kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Jàlàbíà wọn rin fún òógùn bí ẹni tí òjò pa.

Ummu Kulthum ní ká gbé wọn sọ́kọ̀, ká kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù ọsibítù kí a tó fún wọn ní ohunkóhun. Mo ní kó bá mi gbé ẹ̀rọ wá. Mo gún wọn, 2.2 ló gbé jáde. Ummu Kulthum figbe bọnu pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé ohun tó jẹ́ mẹ́rìnlélógún ní nǹkan bíi wákàtí méjì sẹ́yìn kò lè di méjì, kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ onírọ́ rọ ṣúgà fún alátọ̀gbẹ. Kò burú ohun tó sọ. Mo wo ojú Bàbá rẹ, wọn kò mọ̀ mí. Mo sọ fún ara mi pé tí a bá dúró de láàbù, òkú la máa gbé débẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbé nǹkan mì, mo bá po ṣúgà mọ́ omi, mo ń fi ṣíbí fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Hàlímọ̀tù, kí ló dé tí ò ń sunkún?"

Ìgbà yẹn la tó gbé wọn wá síbí. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ta ló fún ọ láṣẹ láti máa kọ iye abẹ́rẹ́? Ṣé dókítà ni ọ́? Má pè mí.

Ìyá rẹ


Leeds
25 Oṣù Kejì, 2026

Màmá,

N kò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ti pè ní ìgbà mẹ́tàlá. Ṣé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò tíì kọjá déètì? Ṣé ẹ kò gbé e sínú oòrùn? Eélòó ló gbé jáde láàárọ̀ yìí? Ẹ bá mi kọ gbogbo òǹkà wọn láti ọjọ́ kìíní àwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ohun kan ti ní láti ṣẹlẹ̀, 24.8 kò lè ṣàdédé wá.

Kamilah


Leeds
28 Oṣù Kejì, 2026

Màmá mi,

Ó di ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti ka lẹ́tà mi, mo rí àmì búlúù níbẹ̀. Mo pe Ummu Kulthum, ó ní kí n lọ bi Màmá, ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù wa, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní ká ní ibí ni mo ti ṣe é, òun fúnra òun ni ì bá mú mi lọ síwájú àwọn tó máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ wa láti pinnu abẹ́rẹ́, ìka la ń gún, a ó sì sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ èyí, Màmá. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó kọ lẹ́tà yẹn. Ẹ bú mi, ẹ ṣẹ́ mi lépè, ẹ ṣáà fèsì.

Kamilah


Pàkátà, Ìlọrin
2 Oṣù Kẹta, 2026

Kamilah ọmọ mi,

Dìde ńlẹ̀. Ìyá kì í ṣépè. Kì í ṣe torí kí n fìyà jẹ ọ́ nìkan ni mo ṣe dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ wà níbẹ̀.

Dókítà tó tọ́jú Bàbá rẹ, Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ ẹ̀, ọmọdébìnrin ni, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé. Gbogbo èèyàn ń bú ẹ̀rọ, òun kò bú u. Ó ní, "Màmá, kí ni Bàbá ń fi ọwọ́ ṣe kí ẹ tó gún wọn?" Subhanallahi! Ara mi bù máṣọ. Láti Alaásàrí ni wọ́n ti jókòó ti ọpọ́n dàbínù, wọ́n ń là á, wọ́n ń yọ kóró ẹ̀ fún ìṣínu àwọn èèyàn. Ọwọ́ wọn ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Dàbínù ni ẹ̀rọ kà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀! Nígbà tó di Mọ̀gàríbì, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, ọwọ́ wọn ti mọ́, 2.2 yẹn gan-an ni òótọ́.

Ó ní ohun tí kò lè dúró, òógùn, gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ká ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí kò sí láàbù tó lè sáré bá irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bóyá kí wọ́n yí oògùn padà, tàbí bí ṣúgà ṣe rìn láti oṣù mẹ́ta, ká lọ gba ẹ̀jẹ̀ apá sínú ìgò tó yẹ, kó sì dé láàbù kíá. Ó ní bí òǹkà bá sì ń bá ara aláìsàn jà, ká fọ ọwọ́, ká gún un lẹ́ẹ̀kejì, ká pe òun kí a tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ohun tí ọkàn mi sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, mo sì gbọ́ tìrẹ jù ú lọ.

Èyí tó kù ni n kò fẹ́ kọ. Àkànbí, àbúrò Bàbá rẹ, dé ọsibítù, ó béèrè ta ló fún ẹ̀gbọ́n òun ní abẹ́rẹ́ kejì. Mo ní èmi ni, mo ní mo ṣi òǹkà kà. Mo ti ní kí Ummu Kulthum ya ìwé kúrò lára ògiri. Mo mọ ohun tí wọ́n máa wí tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ, pé ọmọbìnrin tí a ní kó má lọ, òun ló wá ń fi fóònù pa bàbá ẹ̀. Àkànbí tí mo kọ́ ní a, b, d, ó nàka sí mi lójú gbogbo ẹbí, ó ní kí n má fọwọ́ kan ọkọ mi mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ lọ sílé ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń wá gún Bàbá rẹ lábẹ́rẹ́ báyìí, ẹbí sì ní láàbù ọsibítù nìkan ni àyẹ̀wò wọn á ti máa wá.

Láàárọ̀ yìí lẹ́yìn Àsùbáà, òógùn tún bò wọ́n. Kò sí ẹ̀rọ. Ṣé ó ga ni, ṣé ó wálẹ̀ ni? Mo fún wọn ní tíì oníṣúgà bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, ara wọn wá balẹ̀. A gbé wọn lọ sí láàbù, Àìlà kọjá kí èsì tó jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn. N kò mọ bí ẹ̀ẹ̀kẹta á ṣe rí.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ


Leeds
3 Oṣù Kẹta, 2026

Bàbá mi,

Àsàlámù àláékùmù wa ráhùmótúlọ́hì. Ummu Kulthum ni mo ní kó ka èyí sí yín létí. Màmá fi Ọlọ́hun bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́. Mò ń ṣàìgbọràn sí wọn.

Èmi ni mo pàṣẹ abẹ́rẹ́ yẹn. Màmá kò ṣi òǹkà kankan kà. Ohun tí mo kọ ni wọ́n ṣe, mo sì kọ ọ́ nítorí pé mo ti jàre lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń dùn mọ́ mi. Ní wọ́ọ̀dù wa, n kì í gún ìka ẹnikẹ́ni láìfọ ọwọ́ ẹni náà. Mo ti ṣe é títí tí n kò fi mọ̀ pé mò ń ṣe é mọ́. Ojú ewé méjì ni mo kọ fún Màmá lórí ẹ̀rọ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ níbẹ̀.

Bàbá, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ínsúlíìnì kò gbọdọ̀ wà nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ. Ẹ ní kí Bàbá Kékeré tó gbé e lọ gbé e padà. Màmá ló mọ̀ pé 2.2 yẹn kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ló gbà yín là, àwọn náà la sì lé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọmọ yín,
Kamilah


Pàkátà, Ìlọrin
6 Oṣù Kẹta, 2026

Kamilah,

Wa àláékùmù sàlámù. Èmi Àhmádù, bàbá rẹ, ni mò ń sọ̀rọ̀, ìyá rẹ ló ń kọ ọ́. Mo ti ní kó má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ránṣẹ́ pe Àkànbí, mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ tún un kà lójú ẹ̀. Inú bí mi sí ọ, ó ṣì ń bí mi. O jókòó sí ọ̀nà jíjìn, ò ń pàṣẹ lórí ara tí ojú rẹ kò tó. Màá forí jì ọ́, torí oṣù ìdáríjì la wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi kọjá tìrẹ. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni èmi àti ìyá rẹ ti wà. Olùkọ́ ni. Wọ́n ní kò mọ òǹkà kà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀! Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ tí àbúrò mi ń bú u, mo kọjú sí ògiri. N kò sọ pé ó tó. Kò fẹ́ kọ èyí, mo ní kó kọ ọ́: èmi náà jẹ̀bi ẹ̀.

Àkànbí ti gbé ẹ̀rọ padà. Mo ní kó bẹ ìyá rẹ lójú àwọn tó gbọ́ bó ṣe bú u. Ó bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀.

Kamilah, èmi ìyá rẹ ló kù báyìí. Inú mi kò dùn pé o tú àṣírí tí mo fi bò ọ́. Ara sì tún tù mí, kí n má purọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀ yìí, Bàbá rẹ ní kó jókòó ná. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n wá jókòó síwájú mi, wọ́n na ìka sí mi. N kò lè gún un, mo na ẹ̀rọ náà sí nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Gún un, Hàlímọ̀tù. Ìwọ ni mo fẹ́ kó máa rí ẹ̀jẹ̀ mi."

Mo gún un.